Bí Ẹ Ṣe Lè Fún Etí Erin, Òdúndún àti Àbámọdá Inú Ilé Ní Oòrùn Tó Tó

Ẹni tó bá ti ra alóẹ̀ fẹ́rà, tí àwọn àgbà ń pè ní etí erin, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì á mọ bó ṣe máa ń lọ. Ọjọ́ tó délé, ewé rẹ̀ ki, ó dúró ṣánṣán. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n kí àlejò lè máa rí i. Oṣù kìíní, kò sí wàhálà. Oṣù kejì, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni tó fẹ́ sùn. Nígbà tó di oṣù kẹta, àyà já wa, a sáré gbé e sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ojú ewé ti funfun níbì kan, ó sì ti jó gbẹ níbòmíràn.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ìyá onílé wa ló bá mi lẹ́yìn ilé níbi tí mo ti ń wo ìkòkò náà.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ gbìn ín ni àbí o fẹ́ yan án bí àgbàdo?”

“Ẹ má bínú, Mà. Òkùnkùn ló ń bá a jà, ni mo ṣe ní kí n gbé e síta.”

Wọ́n mi orí. “Ṣé ẹni tí kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta lo máa gbé odidi iyán kalẹ̀ fún lẹ́ẹ̀kan náà?”

Ní ti oòrùn, méjì péré náà ni ohun tó ń pa ewé wọ̀nyí nínú ilé: a gbé e síbi tó ṣókùnkùn ju bí ojú wa ṣe rò lọ, tàbí a gbé e kúrò níbẹ̀ lójijì. Àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí wà fún méjèèjì.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Fóònù tó ní kọ́ńpáàsì
- Pépà funfun kan, ìwé kékeré àti bíró
- Aṣọ fèrèsé funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá
- Akísà rírọ̀
- Ìkòkò tó níhò nísàlẹ̀ (bí kò bá níhò, ẹ lu u kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun)
- Abẹ tuntun, bí ewé yín bá ti gùn kọjá ààlà
- Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó dé ná.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Gbogbo wọn ló ń tọ́jú omi sínú ara, àmọ́ oòrùn tí wọ́n fẹ́ kò dọ́gba.

Etí erin fẹ́ oòrùn òwúrọ̀ bíi wákàtí mẹ́rin, kí ibi tó wà sì mọ́lẹ̀ dáadáa títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òdúndún àti àbámọdá, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ ti rí wọn lẹ́yìn ilé ní abúlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn wọ́n tí nǹkan sì ń ṣíji bò wọ́n lọ́sàn-án. Irú ibẹ̀ náà ni kí ẹ wá fún wọn nínú ilé. Wákàtí méjì sí mẹ́ta oòrùn òwúrọ̀ ti tó wọn. Ọ̀já ìkookò, èyí tí ewé rẹ̀ nà sókè bí idà, ló ní sùúrù jù lọ. Ó lè wà níbi tí oòrùn kì í ti í kàn án rárá, bí ibẹ̀ bá ṣáà ti mọ́lẹ̀. Kò ní kú, àmọ́ kò ní dàgbà kíákíá.

Èyí tó dà bí òdòdó tó là, tí wọ́n ń pè ní Echeveria, ni mo máa ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n má tíì rà. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oòrùn tó fẹ́ pọ̀ ju èyí tí pálọ̀ wa ń rí lọ. Bí ẹ kò bá ní fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn, owó yín ló máa ṣòfò yẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Bí ẹ kò bá mọ orúkọ ewé yín, ẹ wo ara rẹ̀. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ràn mọ́ eérú, tàbí tó dà bíi pé ẹ̀fun bò ó, oòrùn ló ń fẹ́. Èyí tí àwọ̀ ewé rẹ̀ dúdú minimini lè fara da ibòòji.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ fèrèsé yín

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, ìmọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ń ṣì wọ́n lọ́nà. Wọ́n á ní kí ẹ gbé e sí fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Òótọ́ ni, fún ẹni tó wà ní London tàbí New York, nítorí pé lọ́dọ̀ wọn, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà tọdún-tọdún.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Èkó àti Ìbàdàn, oòrùn máa ń wà ní àtàrí wa gangan lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Láàárín oṣù méjèèjì yẹn, ó máa ń fì díẹ̀ sí àríwá lọ́sàn-án. Ìyókù ọdún, ó fì sí gúúsù. Nítorí pé ó ga tó bẹ́ẹ̀, etí òrùlé tó yọ síta máa ń dí i kó tó wọ fèrèsé gúúsù tàbí ti àríwá. Nígbà tó bá ń yọ àti nígbà tó bá ń wọ̀ nìkan ló máa ń rẹlẹ̀ débi tó fi lè yọjú wọlé. Ìyẹn ni pé fèrèsé ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń rí oòrùn gidi nílẹ̀ wa.

Nínú méjèèjì, ìlà-oòrùn ni kí ẹ mú bí ẹ bá lè rí i. Oòrùn rẹ̀ tutù, ó sì ti lọ kó tó di ọ̀sán. Fèrèsé ìwọ̀-oòrùn máa ń gba oòrùn láti bíi aago méjì títí di aago mẹ́fà, lẹ́yìn tí ògiri, páànù àti afẹ́fẹ́ ti gbóná tán. Ẹ lè lò ó, àmọ́ aṣọ fèrèsé funfun ni kó wà láàárín ewé àti gíláàsì.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: ẹ kọjú sí fèrèsé, ẹ tẹ́ fóònù sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ṣí kọ́ńpáàsì. Ẹ ṣọ́ra: irin tó wà lójú fèrèsé máa ń da kọ́ńpáàsì láàmú. Ẹ fà sẹ́yìn bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó wò ó. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ tí ẹ bá wà nílé, bíi ọjọ́ Sátidé, ẹ wo fèrèsé náà láago mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá, méjì àti mẹ́rin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá oòrùn wọlé tàbí kò wọlé. Ẹ má fọkàn rò ó, ẹ wò ó. Fèrèsé ìlà-oòrùn yàrá mi dára nínú ìwé, àfi ìgbà tí mo jókòó wò ó ni mo rí i pé táńkì omi aládùúgbò tó wà lórí òpó ń dí oòrùn láti aago mẹ́jọ di mẹ́sàn-án ààbọ̀.

Ohun mìíràn tó ń jí ìmọ́lẹ̀ lọ: ògiri ilé kejì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiyín, gíláàsì dúdú, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí eruku ti dí. Ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ fọ̀ ọ́. Ó máa yà yín lẹ́nu.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ó yẹ kí ẹ ní àkọsílẹ̀ odidi ọjọ́ kan, kí ẹ sì lè nawọ́ sí fèrèsé kan pàtó pé, “èyí ń rí oòrùn láti aago báyìí sí aago báyìí.” Bí kò bá sí fèrèsé kankan tó ń rí tó wákàtí méjì, ẹ fi etí erin sílẹ̀, ẹ ra ọ̀já ìkookò, tàbí kí ẹ wo fàráńdà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi òjìji ọwọ́ wọn ìmọ́lẹ̀

Ojú ẹ̀dá kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bí ibi kan bá ṣókùnkùn, ẹyinjú á là sí i, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti dínkù. Níta, lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ lè tó 100,000 lux (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀). Nínú yàrá tí gílóòbù ń tàn, ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré ni. Ojú yín á sì sọ pé méjèèjì mọ́lẹ̀.

Ẹ tẹ́ pépà funfun síbi tí ẹ fẹ́ gbé ìkòkò sí, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ na ọwọ́ sókè rẹ̀, kó fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan ga ju pépà lọ.

Bí òjìji náà bá hàn ketekete, tí ẹ lè ka ìka márààrún, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ lágbára: ibi etí erin nìyẹn. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọwọ́ ni àmọ́ tí etí òjìji rẹ̀ ṣú bàìbàì, ó tó fún òdúndún, àbámọdá àti ọ̀já ìkookò, bí àwọn méjì àkọ́kọ́ bá tún ń rí oòrùn díẹ̀ lójúmọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ rí òjìji kankan, ẹ má gbé nǹkan kan síbẹ̀ bí kò ṣe òdòdó oníke.

Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà, áàpù tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Fún etí erin, ẹ wá 10,000 lux sókè fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́. Fóònù ò dọ́gba, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra: ìmọ́lẹ̀ máa ń já wálẹ̀ kíákíá bí ẹ bá ṣe ń kúrò lẹ́nu fèrèsé. Ẹ tún òjìji náà wò ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí fèrèsé kan náà, ẹ ó rí i. Ìkòkò kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Àárín gbùngbùn pálọ̀, orí fìríìjì, orí àpótí tẹlifíṣọ̀n: ẹ gbàgbé wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ibi tí ẹ yàn yege lọ́jọ́ tí oòrùn ràn àti lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí oòrùn ràn nìkan ló yege, ẹ sún un mọ́ fèrèsé sí i.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gbé e síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀

Ewé tó hù nínú ibòòji kò ní ohun tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ó nílò àyè láti múra. Èyí kan ewé tó ti pẹ́ nínú ilé, ó sì kan èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín pé, “Ẹ jọ̀ọ́, inú oòrùn lẹ gbé eléyìí sí ni àbí abẹ́ igi?” Bó bá jẹ́ inú oòrùn, ẹ lè fo ìgbésẹ̀ yìí.

Ọjọ́ 1 sí 3: oòrùn òwúrọ̀ fún wákàtí kan, kó tó di aago mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e padà síbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kì í kàn.

Ọjọ́ 4 sí 7: wákàtí méjì.

Ọjọ́ 8 sí 10: títí di aago mẹ́wàá.

Ọjọ́ 11 sí 14: títí di aago mọ́kànlá. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń kúrò nílé láago márùn-ún nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò ní ráyè gbé ìkòkò wọlé gbé e jáde. Tiyín rọrùn: ẹ gbé ìkòkò sẹ́nu fèrèsé ìlà-oòrùn lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ ṣẹ́ aṣọ fèrèsé funfun náà po sí méjì láàárín rẹ̀ àti gíláàsì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fà á kúrò. Ọ̀nà yìí ni mo ń lò báyìí, ó sì dára ju ti ẹni tó ń gbé ìkòkò kiri lọ, torí pé kò sí ọjọ́ tí ẹ máa gbàgbé rẹ̀ síta.

Ẹ ṣọ́ra: ẹ má jẹ́ kí ewé kan gíláàsì. Gíláàsì tó gbóná á jó o níbi tó ti fara kàn án. Ìkòkò oníke dúdú náà máa ń gbóná débi pé gbòǹgbò inú rẹ̀ á jìyà. Ẹ gbé e sínú ìkòkò mìíràn tó fẹ̀ jù ú lọ, tàbí kí ẹ lo ti alámọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ẹ fọwọ́ kan ewé. Ó yẹ kó le, kó sì tutù. Bí etí erin bá pọ́n díẹ̀ bí ara ẹni tó jáde lọ́yẹ́ àmọ́ tó ṣì le, kò jó. Oòrùn ló kàn ń pọ̀ díẹ̀ jù, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ kan bò ó, àwọ̀ rẹ̀ á padà. Jíjó yàtọ̀: ojú kan tó gbẹ, tó funfun tàbí tó dà bí awọ, ní ìhà tó kọjú sí oòrùn. Ìyẹn ò ní padà mọ́, ṣùgbọ́n kò ní ràn. Bó bá rọ̀, tó ń rùn, tó sì ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, omi ló pa á, ẹ má dá oòrùn lẹ́bi.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ máa yí i, ẹ máa nù ún

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ yí ìkòkò ní ìdá mẹ́rin, kó má baà tẹ̀ síhà kan. Mo máa ń ṣe tèmi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí mo bá gbálẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi akísà tó ní omi díẹ̀ nu eruku ojú ewé. Ẹ ṣọ́ra: ẹ má fi òróró tàbí àdí pa á kó lè máa dán. Ó máa ń dí ihò tí ewé fi ń mí. Ẹ má sì nu ẹ̀fun ara Echeveria kúrò, ìbora rẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Omi gbọ́dọ̀ bá oòrùn mu

Ewé tó ń rí oòrùn púpọ̀ ń mu púpọ̀; èyí tó wà níbi bàìbàì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu. Ẹni tó bá fún méjèèjì ní omi lọ́jọ́ kan náà á pa ọ̀kan. Ẹ ki ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá tutù, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ fún un dáadáa títí omi á fi jáde nísàlẹ̀, kí ẹ da èyí tó jáde nù.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí àsìkò bá yí padà

Nígbà òjò, pàápàá oṣù keje àti ìkẹjọ, ìkùukùu lè bo oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ sún ìkòkò mọ́ fèrèsé, kí ẹ sì dín omi kù. Nígbà ọyẹ́, eruku ojú ọ̀run àti ti ojú ewé ń jí ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbẹ: ẹ máa nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí oòrùn bá wá padà lẹ́yìn òjò, ẹ rántí ìyá onílé wa. Ẹ dá aṣọ fèrèsé padà fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Fún àwọn tiwa tó wà ní London, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Fèrèsé gúúsù ni kí ẹ lò. Ní ìparí oṣù kejìlá, ojúmọ́ kò tó wákàtí 8 níbẹ̀, oòrùn ọ̀sán pàápàá kì í ga ju nǹkan bí dígírì 15 lọ. Òdúndún tí ẹ fi báàgì gbé ti ilé dé kò mọ irú èyí rí. Ẹ ra gílóòbù LED tí wọ́n ṣe fún ewéko, ẹ gbé e sókè rẹ̀ ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan, kó máa tàn fún wákàtí 12 sí 14. Ẹ ṣọ́ra: ẹ máa pa á lóru. Òru ni àwọn ewé yìí máa ń ṣí ihò ara wọn láti mí, wọ́n nílò òkùnkùn bí wọ́n ṣe nílò oòrùn. Kí ìkòkò má sì sùn mọ́ gíláàsì tó tutù bí yìnyín. Ní Nàìjíríà, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra irú gílóòbù yìí. Oòrùn wà lóde lọ́fẹ̀ẹ́, iná NEPA ò ṣeé gbára lé, ẹ ò sì ní tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ewé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ tún ìdánwò òjìji ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, àti ìgbàkígbà tí aládùúgbò bá kọ́ ògiri tuntun.

Ìgbésẹ̀ 8: Èyí tó ti gùn jù ńkọ́?

Ọ̀pá tó ti gùn, tí ewé orí rẹ̀ jìnnà síra, kò lè kúrú padà, bó ti wù kí oòrùn pọ̀ tó. Ẹ ó gé e ni.

Òdúndún: ẹ fi abẹ tuntun gé orí rẹ̀, kó ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ gbé e sí ibòòji fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún títí ojú ọgbẹ́ á fi gbẹ, kí ẹ tó gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀ tí iyanrìn odò pọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe iyanrìn òkun, iyọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má sọ ìdí àtijọ́ nù, ó máa ń hu ẹ̀ka.

Àbámọdá: ẹ já ewé kan, ẹ tẹ́ ẹ sórí iyẹ̀pẹ̀. Ọmọ á yọ létí ewé náà fúnra rẹ̀.

Etí erin: ibí ni wọ́n ti ń ṣe àṣìṣe. Ẹ má gé ewé rẹ̀ kan kí ẹ fi gúnlẹ̀, á jẹrà ni. Ọmọ tó bá hù ní ìdí rẹ̀ ni kí ẹ yọ pẹ̀lú gbòǹgbò. Bí kò bá sí ọmọ, ẹ tún un gbìn jìn díẹ̀ sí i kó lè dúró, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 4, ẹ wá gé àwọn ewé tó tẹ́ jù lẹ́yìn tí tuntun bá ti yọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ má wo ewé àtijọ́ rárá, wọn ò ní sọ nǹkan kan fún yín mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ wo àárín orí, níbi tí ewé tuntun ti ń jáde. Bí àwọn tuntun bá kúrú, tí wọ́n nípọn, tí wọ́n sì sún mọ́ra ju àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn lọ, ibi tí ìkòkò wà dára, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá tún ń gùn bíi ti àtijọ́, ẹ padà sí Ìgbésẹ̀ 3 pẹ̀lú pépà funfun yẹn.